Ìdánrawò Ìrìn Àjò Ọtí sí Bamberg

Ẹni tí kò bá mọ àwọn èèyàn yìí dáadáa á rò pé orí wọn kò pé. Orí wọn pé jàre. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú kò ju pé wọ́n fẹ́ràn ètò ju ohun tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀ lọ. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ní tábìlì kan tó jẹ́ tiwọn nínú ilé ọtí Àgbọ̀nrín ní abúlé Hinterlohe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ńlá. Ó ti lé lógójì ọdún tí ẹlòmíì ti jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn. Bí àlejò bá ṣèèṣì fìdí lé àga kan níbẹ̀, Walburga tó ni ilé ọtí kò ní bá a jà. Yóò kàn dúró tì í ni, yóò máa wò ó, títí ara olúwarẹ̀ yóò fi sọ fún un pé kó dìde.

Gundolf Räbel ni alága. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni nígbà kan, títí dòní ló sì ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Edeltraud Kern ni akọ̀wé. Ó ta oògùn fún ọgbọ̀n ọdún, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé rẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ láyé yìí. Hartwig Leupold, àgbẹ̀ alálùbọ́sà, kò ní ipò kankan, àmọ́ òun ló máa ń bẹ̀rù fún gbogbo wọn. Ẹni kẹrin ni Ottmar Pfister, òun gan-an la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń to àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbéra àti àkókò tó ń dé.

Mẹ́rin ni wọ́n, àmọ́ àga márùn-ún ló yí tábìlì yẹn ká. Ìkarùn-ún jẹ́ ti Kunibert, ẹ̀gbọ́n Ottmar, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Kunibert lọ sí Bamberg fún ọjọ́ méjì, ó mu bíà eléèéfín tí wọ́n ń fi ọkà tí èéfín igi ti yan pọn níbẹ̀, ó padà dé, ó jókòó, ó tọ́ bíà Àgbọ̀nrín wò, ó ní, "Omi tí wọ́n fi ń ṣan ife ọtí gidi rèé." Ottmar dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ mu èéfín, kó gun òrùlé, kó lọ lá ihò èéfín. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe máa ń rí. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín di iṣu ata yán-an yàn-an. Kunibert yọ ife rẹ̀ kúrò lórí ìṣó tó wà lára ògiri, ó kó lọ sí Bamberg, kò sì padà mọ́.

Òfin tábìlì náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba àga ẹni tí kò tíì kọ̀wé pé òun kúrò nínú ẹgbẹ́. Kunibert kò kọ̀wé. Torí náà àga rẹ̀ ṣófo, ìṣó ife rẹ̀ ṣófo, Ottmar ló sì ń nu àga náà ní gbogbo Sátidé nígbà tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Gbogbo wọn ló ń wò ó.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì péré ni ọkọ̀ ojú irin fi ń dé Bamberg láti Hinterlohe. Kí ló wá dé tí Ottmar kò wọkọ̀? Ìtìjú ni. Bó bá dá lọ, a jẹ́ pé ó lọ bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá lọ ṣe fàájì ọjọ́ kan nílùú náà, tí wọ́n ń ti ilé ìpọntí kan bọ́ sí òmíì, tó wá ṣe kòńgẹ́ Kunibert níbi tó jókòó sí, ta ló máa sọ pé òun ló wá a lọ? Ọgbọ́n tó dá nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbé àbá náà wá síwájú ẹgbẹ́, ọdún mọ́kànlá náà ni kò sì fi bọ́ sí i, nítorí òfin sọ pé kí wọ́n tó rìnrìn àjò, gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ nà sókè.

Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn kò lè fẹnu kò lórí ilé ìpọntí tí wọ́n máa kọ́kọ́ yà. Lọ́dún kejì, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ ló da gbogbo rẹ̀ rú. Èyí tó burú jù ni ti ọdún karùn-ún. Wọ́n ti fẹnu kò tán, ọwọ́ mẹ́ta ti wà lókè, ni Hartwig bá béèrè pé, "Bí ọtí wọn bá wá dùn mọ́ wa lẹ́nu ńkọ́?" Gbogbo wọn sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi jíròrò ìbéèrè yẹn, nígbà tí wọ́n fi máa sinmi ẹnu, ìgbà òtútù ti dé. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àmọ́ ó kún ìwé Edeltraud mẹ́fà.

Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún yìí ni ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà sọ fún Walburga, tí Walburga sì sọ fún Ottmar, pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí Kunibert láyà kí ọkàn rẹ̀ lè máa lù bó ṣe yẹ. Ó ní lójoojúmọ́ ló ń jókòó nílé ìpọntí kan létí odò ní Bamberg láàárọ̀, pé ó ti rù. Ottmar san owó bíà rẹ̀, ó lọ sílé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Kunibert. Ẹ̀rù ba Ottmar gidigidi, ẹ̀rù pé wọn yóò pe òun wá sin ẹni tí òun kò tíì bá parí ìjà. Bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́.

Èèyàn mìíràn ì bá wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ottmar kọ ètò ìrìn àjò. Ojú ìwé mẹ́tàlélógójì ni. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, iye ìṣísẹ̀ láti ilé ìpọntí kan sí èkejì, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀dùnkún, ìgbà tí wọ́n máa kọ káàdì sílé, ìgbà tí Hartwig máa lọ tọ̀, nítorí gbogbo ayé ló mọ àpòòtọ̀ Hartwig. Ilé ìpọntí Kunibert, ó fi ṣe ìkẹrin, kó má bàa hàn.

Nígbà tó kà á tán níwájú ẹgbẹ́, Hartwig pàápàá kò rí ohun tó máa bẹ̀rù. Ottmar rò pé ó ti bọ́ sí i. Ni Gundolf bá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ètò yìí dára, àní ó dára jù, àmọ́ àwọn panápaná kì í lọ sídìí iná láìṣe ìdánrawò. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò ìrìn àjò náà níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n tó dìbò. Ottmar fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọwọ́ mẹ́ta ti wà lókè.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdé ní Sátidé, tàwọn ti báàgì ẹ̀yìn, fìlà oòrùn àti bàtà ìrìnnà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ síbi ilé ìyàgbẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n to àga síbẹ̀ ní méjì méjì. Àwọn tábìlì tó kù nínú Àgbọ̀nrín ni ilé ìpọntí Bamberg, Walburga ni obìnrin tó ń gbé ọtí ní gbogbo wọn, ó sì ní láti pààrọ̀ épírọ́ọ̀nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí Gundolf ní kò bójú mu kí obìnrin kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ níbi mẹ́fà. Ní ti bíà eléèéfín, Hartwig gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan wá láti ilé. Kí oníkálukú tó fi bíà kan ẹnu, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn itan yẹn. Wọ́n ń gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ọmọ tuntun.

Ọkọ̀ gbéra láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Hartwig wà nínú ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tó jáde, ó rí i pé àwọn yòókù jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń wo iwájú. Ó bi Ottmar bóyá òun lè wọlé. Àánú ṣe Ottmar, àmọ́ òótọ́ ni òótọ́: ọkọ̀ ti lọ. Ni àgbẹ̀ yìí bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀ fún wákàtí kan gbáko pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó ń retí ọkọ̀ tó kàn. Àwọn tó wá jẹun ọ̀sán ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun pàdánù ọkọ̀. Nígbà tó dé "Bamberg", inú ń bí i gan-an, ó sì sọ pé èyí ni ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá.

Ojú ìwé kẹtàdínlógún sọ̀rọ̀ òjò. Walburga gun àga, ó bu omi wọ́n wọn lórí, wọ́n sì ṣí agbòòrùn láàárín ilé. Nígbà tí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, ó tó àkókò àtikọ káàdì. Káàdì kan ṣoṣo tí Walburga ní lọ́wọ́ ni èyí tó ní àwòrán Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀. Edeltraud kọ tirẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní Bamberg rẹwà, òjò díẹ̀ rọ̀. Ottmar mú kálàmù. Kò ní ẹnikẹ́ni tó lè kọ káàdì sí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, níwọ̀n bó ti mọ̀ pé wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ dànù nírọ̀lẹ́, ó kọ ọ́ sí Kunibert, nílé ìpọntí etí odò. Ó kọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé Bamberg. Mò ń wá yín káàkiri, mi ò rí yín. Ottmar."

Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti kọ ọ́ báyẹn. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á, ó sì fi sáàárín tàwọn tó kù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Walburga, tí orí rẹ̀ ti dàrú pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù mẹ́fà, lẹ sítáǹbù mọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì jù wọ́n sínú àpótí lẹ́tà.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti "wọkọ̀" padà, Hartwig sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó. Gundolf dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ọtí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìrìn àjò yìí wú òun lórí, pé òun kò mọ̀ pé Bamberg máa dára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Edeltraud ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á sókè: ìrìn àjò ẹgbẹ́ sí Bamberg wáyé ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì padà délé láyọ̀. Wọ́n dìbò lé e. Ọwọ́ mẹ́ta lọ sókè. Láti gba àkọsílẹ̀ wọlé, ọwọ́ mẹ́ta tó.

Ottmar rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó ní, "Ẹ dákun, a ò tíì lọ."

Gundolf rọra bi í, bí olùkọ́ ṣe ń bi ọmọ tí kò yára gbọ́ràn, pé kí ló wà ní Bamberg tí wọn kò rí lónìí. Ilé ìpọntí? Wọ́n yà sí mẹ́fà. Èéfín? Itan ẹlẹ́dẹ̀ rèé. Òjò? Fìlà gbogbo wọn ṣì tutù.

"Kunibert ńkọ́?" Ottmar sọ. "Kunibert ni mi ò rí. Nítorí kí ni mo fi ń dààmú láti ọdún mọ́kànlá? Nítorí bíà? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ rí."

Hartwig gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Gundolf wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lára ohun tí ìpàdé òní wà fún, pé kí Ottmar mú un wá lóṣù tó ń bọ̀. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ó hàn gbangba, àmọ́ òun ni alága. Ottmar mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, Edeltraud ju àkọsílẹ̀ ìpàdé sábẹ́ ilẹ̀kùn Ottmar, bó ti máa ń ṣe. Ottmar kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ padà délé láyọ̀, ó tún un kà. Ọmọ ẹgbẹ́ ṣáà ni Kunibert, kò kọ̀wé kúrò. Ni omijé bá bọ́ lójú bàbá yìí sórí ìwé, ó sì fi apá aṣọ nù ún. Ó ní irọ́ ni wọ́n kọ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ó wọ ọkọ̀ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Kò mú ètò kankan dání. Ó jókòó lórí àga bí ẹni tó jí nǹkan. Ní ìdajì ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Bamberg gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ó wo aago, ó rí i pé ọkọ̀ náà kò pẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó dé, kò ya ilé ìpọntí kìíní, kò ya ìkejì, kò ya ìkẹta. Ìkẹrin ló gbà lọ tààrà.

Tábìlì kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ife Kunibert ló wà lórí rẹ̀, ife amọ̀ aláwọ̀ eérú tó ti máa ń kọ́ sórí ìṣó ní Àgbọ̀nrín. Wọ́n fi páálí tí wọ́n ń gbé ife lé dé e lórí, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ jáde díẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé ọtí òun. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ọkùnrin arúgbó kan tó jókòó lódìkejì, Theobald lorúkọ rẹ̀, wò ó látòkè délẹ̀. Imú kan náà ló wà lójú àwọn Pfister.

"Ìwọ ni Ottmar," ó sọ. "Wọ́n ní orí rẹ ti dàrú."

Ó wá rò fún un. Ó ní lẹ́tà dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Káàdì ni, àwòrán ilé ọtí abúlé wọn ló wà lójú rẹ̀, òǹtẹ̀ abúlé wọn ló wà lórí rẹ̀, àmọ́ àbúrò Kunibert kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bamberg ni òun wà, òun ń wá a káàkiri, òun kò rí i. Kunibert kà á lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní ọpọlọ àbúrò òun ti lọ, pé ó ń rìn kiri abúlé, ó ń rò pé Bamberg ni, ó ń pe òun. Ló bá dìde, ó sáré, tòun ti ẹ̀rọ àyà. Theobald ní láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti mọ̀ ọ́n, kò fi bíà sílẹ̀ láìmu tán rí.

Ottmar jókòó. Obìnrin tó ń gbé ọtí gbé ife kan wá fún un láìbéèrè. Ó mu ún. Ihò èéfín gan-an ló ń lá yẹn. Ó mu ún tán, wọ́n gbé òmíì wá. Lẹ́yìn náà ló yá fóònù Theobald, ó pe Àgbọ̀nrín.

Walburga ló gbé e. Kó tó sọ gbólóhùn kan, ẹnìkan ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ottmar." Ohùn náà ti gbó, àmọ́ òun ni. "Àbúrò mi, fara balẹ̀. Má rìn. Wò yí ká, kí o sọ ibi tí o wà fún mi."

"Bamberg ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbọ́ tí Kunibert yíjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí Walburga ti ránṣẹ́ pè, tó ní, "Ó tún ti ń sọ ọ́ o. Ẹ bá mi pe dókítà."

Theobald ló gba fóònù tó ṣàlàyé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn lọ́hùn-ún. Nígbà tó yé wọn, Ottmar gbọ́ ariwo kan, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, òun náà kò sì mọ èyí tí òun ń ṣe.

"Níbo lẹ jókòó sí?" Ottmar béèrè nígbà tó gba fóònù padà.

"Lórí àga mi. Walburga ní eruku ò sí lórí rẹ̀. Ta ló ń nù ún?"

Ottmar béèrè bóyá wọ́n ti fún wọn ní bíà. Kunibert ní bẹ́ẹ̀ ni, pé omi tí wọ́n fi ń ṣan ife ṣì ni, kò yí padà, òun sì ti mu méjì. Ottmar ní tòun náà ń rùn bí ilé tó jó. Kunibert ní kó dé orí ìkẹta, pé ìkẹta ló máa ń yéni.

Gundolf ló gba fóònù lẹ́yìn náà. Ó ní ẹgbẹ́ ti pinnu pé gbogbo wọn máa wọ ọkọ̀ aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá wá sí Bamberg pẹ̀lú Kunibert. Lẹ́yìn rẹ̀, Edeltraud ń sọ̀rọ̀ fatafata. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé ìwé ní ẹgbẹ́ ti lọ sí Bamberg lọ́dún yìí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì ti padà délé. Kí wá ni kí òun pe èyí? 

"Kọ ọ́ pé a gbàgbé ẹnìkan síbẹ̀," Gundolf sọ, ohùn rẹ̀ kò sì dà bíi ti olùkọ́ mọ́. "Kọ ọ́ pé ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún, ojú ń tì wá."

Wọ́n dìbò. Ottmar gbọ́ tí Hartwig béèrè pé bí ọtí náà bá wá dùn mọ́ àwọn lẹ́nu ńkọ́, ó sì gbọ́ tí Kunibert dá a lóhùn pé ó máa dùn mọ́ wọn, kó nawọ́ sókè, kó sì lọ tọ̀ kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀. Ní Bamberg, Ottmar náà na ọwọ́ tirẹ̀ sókè, nítorí òfin ní gbogbo ọwọ́ ni. Theobald bi í pé kí ló fẹ́ rà. Ó ní ìbò lòun ń dì.

Obìnrin tó ń gbé ọtí rò pé òun ló ń pè. Ó gbé ìkẹta wá, ó sì na ọwọ́ sí ife Kunibert, ó ní bíà yìí ti kú, kò hó mọ́, kí òun gbé e kúrò. Ottmar fi àtẹ́lẹwọ́ bo páálí tó wà lórí rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó sọ. "Ó ń bọ̀ wá mu ún tán."